Omi Inú Orí Ọmọ Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kò Padé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ṣọ́ńtì àti Iṣẹ́ Abẹ Mbale

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin agbẹ̀bí, àti ní pàtàkì jù lọ ẹ̀yin òbí tí ẹ pọn ọmọ yín wá sí ìpàdé yìí, mo kí yín. Àwọn baba wa máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú òwe náà, ìpọ̀n ni kò dára, àgbà á kàn na ọwọ́ gbé orí ọmọ sípò, wàhálà á sì tán. Orí tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Omi ló ń kún inú rẹ̀, ó sì ń ti ọpọlọ mọ́ egungun láti inú wá. Síbẹ̀, àgbà tó wà lọ́jà náà ni mo ṣì wá bá sọ̀rọ̀, nítorí pé nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún, ìyá àgbà kan tàbí aládùúgbò kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé orí ọmọ náà ń yára dàgbà ju ara rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kí n tó dé orí, torí pé ọ̀nà tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ gbà nìyẹn. Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ rárá pé àwọn ti lóyún, awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀yìn ọlẹ̀ máa ń ká jọ bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, yóò sì di ọpọlọ lókè àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Bí apá kan níbẹ̀ kò bá padé, a ó bí ọmọ náà pẹ̀lú kókó tàbí egbò lẹ́yìn, tí àwọn iṣan tó yẹ kó wà lábẹ́ egungun yóò hàn síta. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní spina bifida nìyí, èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni myelomeningocele, òun ni mo sì ń bá bọ̀. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ tàbí ibi tí ìyá rìn sí ní ọ̀sán gangan ló fà á, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin agbẹ̀bí bá mi sọ èyí fún ìyá ọmọ ní ọjọ́ tí ó bímọ gan-an, kí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀ sọ ohun mìíràn fún un.

Nísinsìnyí, báwo ni egbò ẹ̀yìn ṣe di omi inú orí? Inú ọpọlọ gbogbo wa ní yàrá mẹ́rin tí omi kan tó mọ́ gaara wà nínú wọn. Ìdì iṣan kékeré kan tó rí wúruwùru, tí a ń pè ní choroid plexus, ló ń pèsè púpọ̀ nínú omi náà. Lára àgbàlagbà, ó ń tó nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́. Omi yìí ń ṣàn láti yàrá dé yàrá, ó ń gba ojú ihò tóóró jáde sí ìta ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ á sì fà á padà. Lára ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé, omi náà ti ń jò gba ojú egbò látìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún, ìsàlẹ̀ ọpọlọ á wá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ọrùn, á sì dí ọ̀nà tó yẹ kí omi gbà jáde. Orúkọ Hans Chiari, ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1891, la fi ń pe ìsọ̀kalẹ̀ yìí.

Ohun kan wà níbí tó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé ìwòsàn àti ẹbí lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ pa egbò ẹ̀yìn dé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bí ọmọ, kí kòkòrò àìsàn má bàa gba ibẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Ẹ̀yìn á jinná, ìyá á dunnú, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti sọ fún mi pé, "Ẹ ti lé omi láti ẹ̀yìn lọ sí orí." Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n sọ, wọn kò purọ́. Àmọ́ ọ̀nà tí omi yẹ kó gbà ti dí kí a tó bí ọmọ náà, egbò ẹ̀yìn ló ń ṣe bí ojúṣàn fún un, nígbà tí a sì dí ojúṣàn náà ni ìkún omi tó ti wà níbẹ̀ fara hàn. Bí a kò bá pa ẹ̀yìn náà dé, kòkòrò ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá ti sọ èyí fún òbí kí a tó gbé ọmọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù kì í bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọn kì í sì í gbé ọmọ sá lọ.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwùjẹ̀ ọmọ á ga, á le bí ẹni fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò ní máa mí lọ sókè-sódò mọ́ bó ti yẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á yọ lórí, ọmọ á máa bì, á máa sunkún láìsí ìdí tàbí kó máa sùn ju bó ti yẹ lọ, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa wọ̀ sísàlẹ̀ tó fi jẹ́ pé funfun ojú ni yóò hàn lókè, bí oòrùn tó ń wọ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìwọ̀nyí tó dé, téèpù aránṣọ ti lè sọ fún wa. Orí ọmọ tó pé oṣù kí a tó bí i máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yíká, ó sì ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 dàgbà lóṣù kan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá fi ìyẹn dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe sọ pé orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá.

Iṣẹ́ abẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù fún omi yìí ni ṣọ́ńtì, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ yàrá ọpọlọ, tí a ń gbà lábẹ́ awọ ọrùn àti àyà sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ikùn, kí omi lè máa ṣàn lọ síbẹ̀ kí ara sì fà á mu. Fáàfù kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tó ń díwọ̀n ìṣàn náà tí kò sì ní jẹ́ kí omi padà. Ní ọdún 1949, Frank Nulsen àti Eugene Spitz ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ti lo rọ́bà tó ní fáàfù, àmọ́ ọkùnrin kan tí kì í ṣe dókítà ló jẹ́ kó di ohun tí a lè fi ọkàn tán. John Holter ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àgádágodo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1955, wọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀, Casey, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò padé, omi sì kún orí rẹ̀. Holter ń wo ìyà tí ọmọ náà ń jẹ lójoojúmọ́ nínú wọ́ọ̀dù, ó kíyè sí i pé nígbà tí nọ́ọ̀sì bá gún rọ́bà oògùn ní abẹ́rẹ́ tó sì yọ ọ́, ojú ihò náà ń pa ara rẹ̀ dé, ó wá rò ó pé bí òun bá la ojú tóóró sí ara rọ́bà, omi lè tì í ṣí láti inú, kó sì tún padé fúnra rẹ̀ bí agbára omi bá ti rọlẹ̀. Silikóònì ló fi ṣe é. Ní ọdún 1956, Spitz fi fáàfù náà sínú ọmọ mìíràn, nítorí pé ara Casey kò tíì gbà á lákòókò yẹn. Casey kú ní ọmọ ọdún márùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú ṣọ́ńtì tuntun jáde nínú ọ̀rá rẹ̀ ni mo máa ń rántí bàbá yẹn.

Ṣọ́ńtì ti gba ẹ̀mí tí kò níye là, mi ò sì dúró níbí láti bà á lórúkọ jẹ́. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìgbà tí a bá fi ṣọ́ńtì sára ọmọ, a ti fi okùn kan so ọmọ náà mọ́ ilé ìwòsàn títí ayé rẹ̀, a kì í sì í sọ èyí fún òbí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Lára àwọn ọmọdé, nǹkan bí ṣọ́ńtì mẹ́rin sí márùn-ún nínú mẹ́wàá ló máa ń dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún méjì, àní ní ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn pọ̀ sí. Ó lè dí, ó lè já, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, ọmọ lè dàgbà kó gùn ju rọ́bà lọ. Bí ó bá dí lójijì, wákàtí ni a fi ń ka àkókò tó kù fún ọmọ náà.

Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti apá Òkè-Ògùn ní àkókò òjò. Ṣọ́ńtì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́rìnlá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n rò pé ibà ni, wọ́n lo oògùn ibà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohùn ẹkún rẹ̀ yí padà, ó ń mí pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà wọn ti kún, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ kọjá títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ní òru ọjọ́ náà. Mi ò ní sọ èyí tó kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni ohùn ẹkún tó yí padà. Lára ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé, nítorí ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọrùn, ṣọ́ńtì tó dí lè kọ́kọ́ fara hàn bí mímí aláriwo, ẹkún tí kò lágbára tàbí kí oúnjẹ máa pá ọmọ lórí. Ṣọ́ńtì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń sọ pé òtútù àyà ni.

Irú ọ̀nà tó kún bẹ́ẹ̀ ló mú kí oníṣẹ́ abẹ kan ronú gidi ní ilẹ̀ Uganda. Ní ọdún 2000, Benjamin Warf, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ìlú Mbale láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ẹgbẹ́ CURE ń dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí omi kún orí wọn wá bá a láti ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn fi ọjọ́ púpọ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ṣọ́ńtì sára gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ṣọ́ńtì wọn bá dí kò ní rí ọ̀nà padà wá. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, pàápàá John Mugamba, dókítà ọmọ ilẹ̀ Uganda tó tẹ̀ lé e nínú iṣẹ́ náà, wá mú ọ̀nà àtijọ́ méjì pọ̀ ṣe ọ̀kan.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lẹ́nu wọ yàrá ọpọlọ, kí a lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ yàrá kẹta, kí omi lè gba ibẹ̀ jáde láìkọjá ibi tó dí. W. J. Mixter ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1923. Ọ̀nà kejì ni kí a dín omi kù láti orísun rẹ̀, nípa fífi iná jó choroid plexus. Walter Dandy ti gbìyànjú láti gé e kúrò ní ọdún 1918, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ púpọ̀ kú, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀nà náà nígbà tí ṣọ́ńtì dé. Ní Mbale, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ àwùjẹ̀ wọlé, níbi tí egungun kò tíì padé, pẹ̀lú awò tó ṣeé tẹ̀ bí ìrù, wọ́n á lu ìsàlẹ̀ yàrá kẹta, wọ́n á yí awò náà padà, wọ́n á máa jó ìdì iṣan náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì kọjá sí yàrá ọpọlọ òdìkejì láti ṣe bákan náà. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni ETV/CPC. Kò sí rọ́bà tí a fi sílẹ̀ nínú ara ọmọ.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn lára àwọn ọmọ tiwa yìí. Ọpọlọ ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé kò rí bí àwòrán inú ìwé. Ìsàlẹ̀ yàrá kẹta máa ń nípọn, afárá ẹran tó so ọ̀tún mọ́ òsì máa ń tóbi, ó sì lè bo ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà lábẹ́ ibi tí a fẹ́ lù. Oníṣẹ́ abẹ tí kò bá rí ojú ibẹ̀ dáadáa gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti yọ awò rẹ̀ jáde kó sì fi ṣọ́ńtì sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún irú oníṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó fi dandan lé e lọ.

Ní ọdún 2005, Warf tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọmọ 550. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún kan tí a bí pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò padé, lílu ihò nìkan ṣiṣẹ́ fún ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a fi jíjó choroid plexus kún un, ó di 76. Ní ọdún 2008, wọ́n tún sọ ti ọmọ 115 irú wọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà yìí, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún náà ni kò nílò ṣọ́ńtì. Ẹ wò ó dáadáa: nínú ọmọ mẹ́rin, mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀kan tó kù ńkọ́? Òun ló ń gbà mí lóorun. Iṣẹ́ abẹ yìí sábà máa ń kùnà láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí náà, ìyá tí a sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ní rọ́bà lórí kò gbọ́dọ̀ rò pé òun ti bọ́. Oṣù mẹ́fà yẹn ni a ń wọn orí jù lọ. Bí ó bá kùnà, a ṣì lè fi ṣọ́ńtì sí i, kò tíì pẹ́ jù. Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, àbájáde wọn àkọ́kọ́ kò tó ti Mbale, a sì rí i pé àwọn ọmọ tí a jó choroid plexus wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ṣe dáadáa jù. Ìṣe tí a ń fi ọwọ́ kọ́ ni, kì í ṣe ohun tí a ń kà nínú ìwé kí a sì ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Bákan náà, àwọn ará Mbale kò kọ ṣọ́ńtì sílẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ńtì Chhabra, tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, tí iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 35 nígbà náà, wé irú kan tó tó dọ́là 650, lára ọmọ 195. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì láàárín méjèèjì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ta ilẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní ti olówó ńlá nìkan ló dára, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ló dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ìbéèrè tó wà níwájú wa lónìí ni bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé ibi tí ọmọ náà ń gbé gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí oníṣẹ́ abẹ máa kọ sínú fáìlì rẹ̀, bí ó ti ń kọ ọjọ́ orí àti ìwọ̀n orí rẹ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá, tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀, lè gbé pẹ̀lú ṣọ́ńtì fún ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ tí òjò ń gé ọ̀nà mọ́, bí ọpọlọ rẹ̀ bá gbà á, ETV/CPC ni kí a kọ́kọ́ gbìyànjú fún un ní ibi tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n wà, kódà bí a bá ní láti fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín pé: èwo lẹ fẹ́ ṣe, kí ló dé tí ẹ fi yan èyí, bí ó bá kùnà ní òru, ibo ni ká sáré lọ? Kò sí dókítà rere tí irú ìbéèrè yìí yóò bí nínú.

Àwọn ọmọ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ sáré ṣe iṣẹ́ abẹ orí fún rárá. Yàrá ọpọlọ wọn tóbi nínú sikáànì, ṣùgbọ́n orí wọn ń dàgbà bó ti yẹ, àwùjẹ̀ wọn rọ̀, wọ́n ń mu ọmú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Irú wọn, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011, tí wọ́n ń pè ní MOMS, fi hàn pé bí a bá pa ẹ̀yìn ọmọ dé nígbà tó ṣì wà nínú oyún, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 26, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ṣọ́ńtì kí wọ́n tó pé ọdún kan, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 82 láàárín àwọn tí a pa ẹ̀yìn wọn dé lẹ́yìn ìbí. Ó yani lẹ́nu, àmọ́ iṣẹ́ abẹ tó léwu fún ìyá ni, ọ̀dọ̀ ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ti ṣeé ṣe.

Èyí tó wà ní ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ni folic acid, irú fítámìn kan. Ní ọdún 1991, ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ yìí rí, tí wọ́n sì lo míligíráàmù 4 lójúmọ́ kí wọ́n tó tún lóyún, dín ewu náà kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rántí ọjọ́ 28 tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní kíríníìkì aboyún, ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù wa lónìí ni kí a sọ fún, kó tó gba ilé lọ.

Kí a tún rántí pé ọmọ yìí ní ẹ̀yìn àti àpò ìtọ̀ pẹ̀lú. Ní Uganda, wọ́n rí i pé ní àwọn àdúgbò tí òṣìṣẹ́ ti ń lọ bẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí wò nílé, tí wọ́n ń kọ́ òbí bí a ṣe ń fi rọ́bà fa ìtọ̀ kí kíndìnrín má bàa bàjẹ́, ikú kò pa wọ́n tó bí ó ti ń pa wọ́n ní ibòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà lásán tọ́jú wọn, nítorí pé ara ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ti ń pàdé rẹ̀ ṣáá láti kékeré. Ẹ béèrè èyí tí kò ní látẹ́ẹ̀sì nínú.

Ìyá kan jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún báyìí, ó sì ti gbà mí láyè láti sọ èyí. Ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ aláìní-rọ́bà ní ọmọ oṣù méjì. Ìyá náà kò kàwé púpọ̀, ó ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé kan àti téèpù aránṣọ, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń wọn orí ọmọ ní ibì kan náà, lókè ìpéǹpéjú àti níbi tí pàkọ́ ti yọ jù, ó sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ó mú ìwé náà wá lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn tó kọ sínú rẹ̀, nọ́ńbà náà kò kúrò ní 46.